Ẹ Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Dá Ọmọ Lóhùn

Olùkọ́ kọ ìlà kan ṣoṣo sójú bọ́ọ̀dù: x = x + 1. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú baccalauréat, ìdánwò ìparí girama àwọn elédè Faransé, tó ti ń yanjú ìṣirò láti kékeré, wo bọ́ọ̀dù náà títí, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé olùkọ́ ṣì í kọ ni. Kò sí nọ́ńbà kankan láyé tí a ó fi oókan kún tí iye rẹ̀ kò ní yí padà. Nínú ìṣirò tí wọ́n kọ́ ọ, irọ́ gbáà ni ìlà yẹn. Lójú kọ̀ǹpútà, àṣẹ ni: lọ wo ohun tó wà nínú àpótí tí a sọ ní x, fi oókan kún un, kí o dá a padà sínú àpótí náà.

Ó pẹ́ tí àwọn olùkọ́ elédè Faransé ti rí wàhálà yìí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi í lo àmì ìdọ́gba nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní algorithmique, èyí tí í ṣe títo iṣẹ́ ní ẹsẹẹsẹ kí ẹ̀rọ lè ṣe é. Ọfà ni wọ́n ń fà: x ← x + 1. Ọfà náà dára, ó ń fi ojú hàn pé nǹkan ń wọ inú àpótí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wá dé ìdí kọ̀ǹpútà ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà láti kọ púrógíráàmù lédè Python, ọfà ti pòórá, àmì ìdọ́gba ti padà dé, ìdààmú ọjọ́ kìíní sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kéré tó báyìí máa ń lé ọmọ tó mọ̀wé dáadáa kúrò nídìí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kí ọdún kìíní tó parí, kì í sì í ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà nìkan. Ní 2007, Jens Bennedsen àti Michael Caspersen láti Dẹ́ńmáàkì béèrè lọ́wọ́ àwọn yunifásítì káàkiri ayé iye ọmọ tó ń gba ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú kíkọ púrógíráàmù àti iye tó ń yege. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 33 ni kò yege. Ní 2014, Christopher Watson àti Frederick Li ní Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó èsì irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ 161 jọ láti orílẹ̀-èdè 15, wọ́n sì rí i pé ìdá 67.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yege. Nígbà tí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì padà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2019, àwọn tí kò yege ti wálẹ̀ sí 28. Ìyẹn ṣì ju ẹnì kan lọ nínú mẹ́rin, púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ló sì ní iná àti kọ̀ǹpútà tó tó lò.

Kí wá ni ká sọ nípa Lomé, olú-ìlú Tógò?

Lomé kì í ṣe ìlú tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Àwọn Ewe, tí ìtàn tiwọn fúnra wọn sọ pé ọ̀nà Kétu ni wọ́n gbà wá, ní Alotimé ni orúkọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn àárín igi alo, igi tí wọ́n ń gé ṣe orín. Lónìí, ẹni tó bá gba Boulevard du 13 Janvier dé Dékon yóò rí bí wọ́n ti ń tú fóònù palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà lórí tábìlì kékeré létí títì, láàárín ariwo ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan. Yunifásítì Lomé wà níbẹ̀ láti 1970, Université du Bénin ni wọ́n ń pè é títí di 2001, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ju ọ̀kẹ́ méjì lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tirẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ní Centre Informatique et de Calcul. Institut Africain d'Informatique, tí àwọn ìjọba Áfíríkà elédè Faransé dá sílẹ̀ ní 1971 tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Libreville nílẹ̀ Gabon, ṣí ẹ̀ka tirẹ̀ ní Lomé ní 2002. Ní oṣù kẹta 2022, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun tí Google sọ ní Equiano, orúkọ ọmọ Ìgbò tí wọ́n kó lẹ́rú tó sì kọ ìwé ìtàn ara rẹ̀, gúnlẹ̀ sí Lomé. Lomé ló kọ́kọ́ dé ní Áfíríkà, kó tó kan Èkó.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ kọ̀ǹpútà máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà tí kòrónà ti ọjà pa, ìjọba Tógò gbé ètò Novissi kalẹ̀. Fóònù ni wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn tí oúnjẹ òòjọ́ wọn ti dúró; kódà fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà á. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì California ní Berkeley àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn bá ìjọba lo àwòrán sátẹ́láìtì àti àkọsílẹ̀ ìpè fóònù láti mọ ibi tí òṣì ti pọ̀ jù àti ẹni tí owó náà tọ́ sí jù. Ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature ní 2022, gbogbo ayé sì ń yin Tógò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n púrógíráàmù ló ń sọ pé ìyá alátà yìí yóò gba owó, ti ọ̀hún kò ní gbà. Àwọn ọmọ Lomé mélòó ló lè ka púrógíráàmù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì sọ ibi tó ti ṣì? Yàrá ọdún kìíní ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ òbí láti Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ló ti fi ọmọ ránṣẹ́ sí Kùtọnu àti Lomé, bóyá nítorí JAMB, bóyá nítorí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì nílé. Ní oṣù kìíní 2024, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi han gbogbo ayé bí òun ṣe gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìjọba Nàìjíríà dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí Benin àti Tógò wò dúró. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà, mẹ́ta péré ni wọ́n ní àwọn yóò gbà láti Tógò: Yunifásítì Lomé, Yunifásítì Kara àti yunifásítì àwọn Kátólíìkì. Òbí wá ń béèrè pé, "Ṣé ìwé-ẹ̀rí yẹn ṣeé lò?" Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n ní ti kọ̀ǹpútà, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni pé: ṣé ọmọ yẹn lè mú kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́?

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ elédè Faransé ní apá ibí yìí, àṣà ni pé kí ọmọ kọ algorithmique sórí bébà fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. DÉBUT, FIN, SI, ALORS, SINON (ìbẹ̀rẹ̀, òpin, bí, nígbà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́): gbogbo rẹ̀ yóò wà létòlétò nínú ìwé àjákọ. Olùkọ́ yóò fi gègé pupa máàkì rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá tó igba nínú gbọ̀ngàn kan, ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta yóò kọjá kí ìwé náà tó padà délé, ọmọ á sì ti gbàgbé ohun tó ń rò nígbà tó ṣe àṣìṣe rẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ni àwọn àgbà wí. Bébà náà dùn-ún ro púrógíráàmù, nítorí bébà kì í janpata.

Àwọn tó fẹ́ràn bébà yóò ní kí a má bú u, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́. Ọmọṣẹ́ télọ̀ kì í kọ́kọ́ gé áńkárá oníbàárà. Bébà sìmẹ́ńtì ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń fún un gé. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣe pẹ̀lú bébà ọ̀hún: ó ń gé e, ó ń ká a, ó ń fi apá kan ẹ̀kejì, lójú ẹsẹ̀ ló sì ń rí i pé ọrùn fẹjú jù tàbí pé apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ. Bébà yẹn ń dá a lóhùn. Bébà akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà kì í dáhùn, ó ń dúró de olùkọ́ ni.

Ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ ronú nípa ẹ̀kọ́ yìí ní yunifásítì rí nìyẹn láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ní Dartmouth, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, John Kemeny àti Thomas Kurtz rí i pé ẹni tó bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà ní láti lu ihò sára káàdì, kó kó káàdì náà fún àwọn òṣìṣẹ́, kó sì lọ sùn. Bó bá ṣì ìlà kan kọ, ọjọ́ kejì ni yóò mọ̀. Wọ́n ṣẹ̀dá èdè BASIC, wọ́n sì wá ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò fi máa lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1 oṣù karùn-ún 1964, láàárọ̀ kùtù, púrógíráàmù àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọmọ tó ń ka ìtàn tàbí lítíréṣọ̀ pàápàá ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń kọ ìlà mẹ́rin, ẹ̀rọ sì ń dá a lóhùn kó tó gbójú sókè. Niklaus Wirth ní Siwítsálàǹdì náà gbé Pascal jáde ní 1970, pẹ̀lú ìpinnu pé kó rọrùn fún olùkọ́ láti fi kọ́ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lónìí, ní Lomé tàbí ní Ifẹ̀, Pascal ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ tó wà báyìí ti kọjá ìyẹn dáadáa. Ẹ wo ìlà mẹ́ta yìí: x = 5; y = x; x = 7. Èló ni y? Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún kìíní yóò dáhùn pé 7. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rò ó kò burú: wọ́n ti sọ pé y àti x dọ́gba, x sì ti di 7, kí ló kù? Olùkọ́ lè pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ní 2010, Philip Guo, tó ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní Stanford nígbà náà, kọ Python Tutor, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọ bá kọ ìlà mẹ́ta yẹn sínú rẹ̀ tó sì tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ yóò ya àpótí x, yóò fi 5 sí i. Bó bá tún tẹ̀ ẹ́, àpótí y yóò jáde pẹ̀lú 5 tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, 5 inú x yóò di 7, y yóò sì jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú 5 rẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí gègé pupa. Ọmọ á fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìgbà tí àṣẹ kejì jáde ni wọ́n da iye x kọ sínú y, pé lẹ́yìn náà kálukú wà láyè ara rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Lomé yóò ní íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí Thonny fi yẹ kó gbajúmọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Aivar Annamaa ló pilẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Tartu nílẹ̀ Ẹstóníà, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ Python. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnì kan lè gbà á sínú fláàṣì kan, kó fi sórí ogún kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì máa lò ó láìsí dátà kankan. Ó ní èdè Faransé. Ó ń rìn nínú púrógíráàmù díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà tokunbọ̀ tí wọ́n rà ní Dékon lè gbé e láìmí gúlegúle.

Ṣùgbọ́n ibí ni àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà fún ilé-ẹ̀kọ́ kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé. Ní 2002, Christopher Hundhausen, Sarah Douglas àti John Stasko ṣàtúpalẹ̀ ìwádìí 24 tí wọ́n ti ṣe nípa irú sọ́fítíwíà tó ń ya àwòrán ohun tí púrógíráàmù ń ṣe. Wọ́n rí i pé bí àwòrán náà ṣe rí kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi í ṣe ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tó kàn jókòó tó ń wò ó bíi fíìmù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ka ìwé lásán. Èyí tó ń jèrè ni ẹni tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì, kó fi nọ́ńbà tirẹ̀ sí i, kó wá ibi tí òun ti ṣì. Nítorí náà, bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ra sọ́fítíwíà olówó iyebíye, tí olùkọ́ sì ń gbé e sójú ògiri pẹ̀lú pùròjẹ́ktọ̀ kí igba ọmọ máa wò, owó yẹn ti bómi lọ.

Láti Lomé, Gánà kò jìnnà rárá. Ibodè Aflao fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín ìgboro, ẹni tó ń jẹun ní Kodjoviakopé lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Gánà sì ni iṣẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ tó yẹ kí àwọn ará Lomé yá lò. George Boateng, ọmọ Gánà tó kàwé ní Dartmouth, ilé BASIC kan náà, rí i pé nínú àwọn ọmọ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń kọ́, ìwọ̀nba ló ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bá ṣe ẹ̀kọ́ tí wọ́n sọ ní SuaCode. "Sua" ni "kọ́" lédè Twi. Orí fóònù ni ọmọ yóò ti kọ púrógíráàmù, tí yóò ya róbótó, mú un rìn, títí yóò fi ṣe eré kékeré tí bọ́ọ̀lù ń ta sókè sódò lójú fóònù. Ní 2020, wọ́n ṣí i fún gbogbo Áfíríkà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Faransé. Nígbà tí ìbéèrè àwọn ọmọ pọ̀ ju ohun tí olùkọ́ lè dáhùn lọ, wọ́n kọ́ ẹ̀rọ kan tó ń dáhùn ní èdè méjèèjì, wọ́n sì fi orúkọ Kwame Nkrumah sọ ọ́ ní Kwame.

Ìyà ni kíbọ́ọ̀dù fóònù fún ẹni tó ń kọ púrógíráàmù, kò sí ẹni tó lè parọ́ ìyẹn. Àmì { kan ṣoṣo lè gba kí a tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta. Ọgbọ́n kan wà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní 2006, Dale Parsons àti Patricia Haden ní New Zealand gbé irú ìdánrawò kan jáde: wọ́n á fún ọmọ ní gbogbo ìlà púrógíráàmù tó pé, ṣùgbọ́n wọ́n á ti dà á rú, iṣẹ́ ọmọ ni láti fà wọ́n sípò bó ṣe yẹ. Ìka kan ti tó. Ní 2017, Barbara Ericson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ lo àkókò tó kéré ju àwọn tó ń kọ púrógíráàmù látòkèdélẹ̀, síbẹ̀ ìmọ̀ tí wọ́n rí gbà kò dín. Fún ọmọ tó wà nínú bọ́ọ̀sì láti Adidogomé tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti há mọ́, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ọmọ Yorùbá tó ti Nàìjíríà lọ ní wàhálà méjì: ó ń kọ́ èdè Faransé, ó sì ń kọ́ kọ̀ǹpútà. (Bó bá tiẹ̀ sọ fún ẹni tó bá pàdé ní Lomé pé "collège" ni òun ń lọ, wọn yóò máa wò ó tìyanutìyanu, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.) Ọmọ Tógò náà ní tirẹ̀: SI àti SINON ló kọ́ sórí bébà, if àti else ló wá bá lórí kọ̀ǹpútà. Sọ́fítíwíà tó ní èdè méjèèjì ń ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Nígbà míì, àṣà ń ṣe ju èdè lọ. Ron Eglash, tó kọ ìwé African Fractals ní 1999, ṣe sọ́fítíwíà kan tí ọmọ yóò fi di irun lójú kọ̀ǹpútà: ìdì kan, kí ó kéré díẹ̀, kí ó yí díẹ̀, kí ó sún síwájú, kí a tún un ṣe. Ohun tí olùkọ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní àṣetúnṣe gan-an nìyẹn, onídìrí ọjà Assigamé ní Lomé sì ti mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó mú kọ̀ǹpútà wá síbẹ̀. Ṣùkú pẹ̀lú kòlẹ́sẹ̀ kò yọ sílẹ̀.

Ìtàn Dakar wà fún ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ nìkan tó. Ní 1982, Seymour Papert, ọ̀kan nínú àwọn tó dá èdè Logo sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, àti Nicholas Negroponte kó kọ̀ǹpútà Apple II lọ bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Dakar, pẹ̀lú owó ìjọba Faransé, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Paris tí wọ́n ń pè ní Centre Mondial. Àwọn ọmọ náà kò bẹ̀rù ẹ̀rọ rárá. Paris ni àwọn ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà: Papert fi ibẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún náà, Centre Mondial fúnra rẹ̀ kò sì pé ọdún mẹ́wàá tó fi kógbá sílé. Ẹni tó bá fi gbogbo ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́ ìlú òkèèrè ń dúró lórí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀.

Lomé ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní 2012, Sénamé Koffi Agbodjinou, ayàwòrán-ilé, ṣí WoeLab láàárín àdúgbò, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé. Ọdún kejì rẹ̀, Kodjo Afate Gnikou fi àlòkù ẹ̀rọ tí wọ́n ti kó dànù, sikánà àti kọ̀ǹpútà àtijọ́, to ẹ̀rọ atẹ̀wé 3D jọ, W.Afate ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó bá ń fi àlòkù mọ́tò darí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò nílò kí olùkọ́ sọ fún un pé púrógíráàmù rẹ̀ ṣì: yóò rí i pé ẹ̀rọ gba ọ̀tún nígbà tó ní kó gba òsì.

Àwọn kan yóò ní gbogbo èyí ti di ìtàn àtijọ́ láti oṣù kọkànlá 2022 tí ChatGPT ti dé, pé ẹ̀rọ tó ń kọ púrógíráàmù fúnra rẹ̀ ti wà nínú fóònù gbogbo ọmọ. Wọ́n ṣe ìwádìí kan lórí rẹ̀ ní Tọ́kì, láàárín nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ń kọ́ ìṣirò. Hamsa Bastani àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2024. Àwọn tí wọ́n fún ní irú ẹ̀rọ yẹn láìsí ìjánu ṣe dáadáa gan-an nígbà ìdánrawò, máàkì wọn fi 48 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò ní in. Ọjọ́ ìdánwò, wọ́n gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn. Máàkì wọn fi 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò fojú kàn án rí. Àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀dà tó ń fọ̀nà hàn láìsọ ìdáhùn kò pàdánù bẹ́ẹ̀. Ní Harvard, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CS50 ti ń lo irú rẹ̀ láti 2023, ẹ̀rọ tó ṣe ara rẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ, tó ń bi ọmọ ní ìbéèrè padà dípò kó kọ iṣẹ́ fún un. Ọ̀gá télọ̀ tó bá ń gba síṣọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ nígbà gbogbo ń rán aṣọ ni, kò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Kò sí ìdí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Lomé fi ní láti dúró de owó ńlá. Thonny kò gba kọ́bọ̀. Ìdánrawò Parsons, olùkọ́ tó bá ní sùúrù lè kọ ogún rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Èyí tó ṣòro wà nínú ètò iṣẹ́: kí a pín igba ọmọ sí ọ̀wọ́ ọgbọ̀n-ọgbọ̀n, kí a gba àwọn ọmọ ọdún kẹta láti máa ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú owó ọ̀yà, kí a gbé ìdánwò ìparí ẹ̀kọ́ kúrò lórí bébà lọ sídìí ẹ̀rọ, nítorí ibi tí ìdánwò bá dojú kọ ni ọmọ ń kàwé sí. Ìpàdé ìgbìmọ̀ olùkọ́ ni èyí gbà, kò nílò sátẹ́láìtì.

Ẹ̀yin òbí tó ń gbèrò láti fi ọmọ ránṣẹ́ sí Lomé, tàbí sí ibikíbi, láti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà: kí ẹ tó san owó, ẹ wo bóyá ìjọba gba ìwé-ẹ̀rí ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ bi àwọn tó ń fúnni ní fọ́ọ̀mù ní ìbéèrè mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ wo ni ọmọ mi yóò kọ́kọ́ kọ púrógíráàmù tó ṣiṣẹ́ lójú ara rẹ̀? Ọmọ mélòó ni yóò máa wà nídìí kọ̀ǹpútà kan? Ìdánwò ìparí ọdún, bébà ni tàbí ẹ̀rọ? Bí wọ́n bá dáhùn pé ọ̀sẹ̀ kìíní ni, ẹ gba fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pùròjẹ́ktọ̀ tuntun àti ilé alájà mẹ́rin hàn yín, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì wọ zémidjan padà sí gáréèjì.